Ṣé lóòótọ́ ni Nebukadinésárì gbógun wọ Íjíbítì bí Ìsíkíẹ́lì ṣe sọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ Sunday School ni mí, a sì ti dé Ìsíkíẹ́lì orí 29 nínú ẹ̀kọ́ wa. Ìwé àlàyé tó wà lọ́wọ́ mi ní Nebukadinésárì ṣẹ́gun Íjíbítì, pé ilẹ̀ náà sì dahoro fún ogójì ọdún. Ọmọ kíláàsì mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì ní kò sóhun tó jọ ọ́. Èwo ni kí n mú? Ó tún ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti hú òkúta tí Jeremáyà rì sí Tápánẹ́sì jáde.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ìbéèrè gidi ni ọmọ yẹn bi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí nítorí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ìwé àlàyé yín dì pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni: pé Nebukadinésárì kó ogun lọ sí Íjíbítì, pé ó ṣẹ́gun, ó sì kó ìkógun, pé ilẹ̀ náà wá ṣófo fún ogójì ọdún. Ẹ̀rí tí a ní fún àkọ́kọ́ lágbára. Ti ìkejì kò tó nǹkan. Ní ti ìkẹta, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló ta kò ó, bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà gan-an. Ọmọ yín jàre lórí ìkẹta, ìwé yín jàre lórí àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni ibi tí èèyàn ti ń fi ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ gbe ìkẹta lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ọdún tí n óò dárúkọ jẹ́ ọdún ṣáájú ìbí Kristi, àfi ibi tí mo bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ rántí pé kíkà wálẹ̀ ni à ń kà wọ́n: ọdún 587 ló kọ́kọ́ dé kí 571 tó dé.

Ká tó dé orí ogun náà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ń bá ta ni jà. Ìsíkíẹ́lì ò sí ní Jerúsálẹ́mù rárá nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó wà ní Bábílónì, lẹ́bàá odò Kébárì, láàárín àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú pẹ̀lú ọba Jèhóákínì. Ìwé ìtàn ọdọọdún tí àwọn akọ̀wé Bábílónì kọ sára wàláà amọ̀, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù lónìí, sọ ọjọ́ tí wọ́n gba Jerúsálẹ́mù nígbà náà: ọjọ́ kejì oṣù Ádárì. Àwọn tó mọ ìṣirò kàlẹ́ńdà àtijọ́ ní ó bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Máàṣì, ọdún 597. Sedekáyà ni Nebukadinésárì fi jọba lẹ́yìn ìyẹn. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí Íjíbítì fún ìrànlọ́wọ́.

Fáráò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Hófírà, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Apries. Ó jọba láti 589 títí di 570. Kì í ṣe Nékò. Nékò ni Nebukadinésárì lù ní Kákémíṣì ní 605, Jeremáyà 46 ẹsẹ 2 sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan máa ń pò wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì fi nǹkan bí ogún ọdún yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ogun Hófírà jáde wá, àwọn ará Bábílónì sì ṣí kúrò lẹ́yìn odi fúngbà díẹ̀. Jeremáyà 37 ẹsẹ 5 sí 8 sọ ọ́, ó sì sọ pé àwọn ará Íjíbítì yóò padà sílé wọn. Ibi tí òwe ọ̀pá esùsú inú Ìsíkíẹ́lì 29 ẹsẹ 6 àti 7 ti wá nìyẹn: Ísírẹ́lì dì í mú, ó ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ya èjìká wọn.

Ẹ wo ẹsẹ 3 sí 5 dáadáa kí ẹ tó kọjá. Bíbélì wa ní dírágónì ńlá tó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn odò rẹ̀. Àmọ́ gbogbo àmì ara rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nì odò Náílì: ó ní ìpẹ́, inú omi ló ń gbé, ìwọ̀ ni a sì fi há a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń fọ́nnu pé òun lòun ni odò náà, òun lòun dá a. Bí wọ́n ṣe fà á jáde, ẹja odò náà lẹ̀ mọ́ ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá a já sí aṣálẹ̀. Àwọn ẹja yẹn ni àwọn tó gbára lé Fáráò, Júdà wà lára wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ìbátan wọn ló wà nínú odi Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí: ọjọ́. Ọ̀rọ̀ méje ni Ìsíkíẹ́lì sọ sí Íjíbítì, láti orí 29 dé 32. Mẹ́fà ní déètì. Wọn ò sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé lọ bó ṣe wà á rò pé 29 ẹsẹ 17 ṣáájú orí 30, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn wà. Ìsíkíẹ́lì ń ka ọdún láti ìgbà tí wọ́n kó Jèhóákínì lẹ́rú. Ẹ mú 598, kí ẹ yọ iye ọdún tó kọ kúrò. Oṣù kìíní wọn máa ń bọ́ sí àárín Máàṣì sí Éprílì tiwa. Nítorí náà, bí oṣù tó kọ bá jẹ́ ìkẹwàá, ìkọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ yọ ẹyọ kan sí i, torí oṣù náà ti wọnú ọdún tiwa tó tẹ̀ lé e.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú 29 ẹsẹ 1: ọdún kẹwàá, oṣù kẹwàá, ọjọ́ kejìlá. 598 yọ 10 ku 588. Oṣù kẹwàá ni, ẹ yọ ọ̀kan, ó di 587. Jánúárì 587 ni. Ìsíkíẹ́lì 24 ẹsẹ 1 ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dó ti Jerúsálẹ́mù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí Íjíbítì jẹ́ ọdún kan àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ebi ti ń pa ìlú, tí ojú gbogbo èèyàn sì wà lọ́nà Íjíbítì. Bí ẹ bá ṣe bákan náà sí èyí tó kù, 30 ẹsẹ 20 á bọ́ sí Éprílì 587, 31 ẹsẹ 1 sí Júùnù 587, 32 ẹsẹ 1 sí Máàṣì 585. Òmíràn inú orí 32, ní ẹsẹ 17, jẹ́ ọdún kejìlá, àmọ́ ìwé Hébérù kò dárúkọ oṣù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orí 30 kò ní déètì. Lẹ́yìn náà ni 29 ẹsẹ 17: ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọjọ́ kìíní. 598 yọ 27 ku 571. Éprílì 571 ni. Kò sí déètì kankan nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì látòkèdélẹ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìran tẹ́ńpìlì orí 40 pàápàá, ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni.

Kí ló dé láàárín 587 àti 571? Jerúsálẹ́mù ti wó. Hófírà ṣì wà lórí ìtẹ́. Tírè sì ti gba gbogbo agbára Bábílónì.

Ọ̀rọ̀ Tírè yìí ló ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ohun tó kù, ẹ má fò ó. Ní orí 26, ẹsẹ 7 sí 12, Ìsíkíẹ́lì dárúkọ Nebukadinésárì pé yóò wó odi Tírè, ẹṣin rẹ̀ yóò tẹ ìgboro rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò sì kó ọrọ̀ àti ọjà rẹ̀. Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, lo àkọsílẹ̀ àwọn ará Fòníṣíà, ó ní ọdún mẹ́tàlá ni Nebukadinésárì fi dó ti ìlú náà. Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Erékùṣù ni Tírè wà, òkun ló là á kúrò lára ilẹ̀. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni Bábílónì ní. Tírè ló ní ọkọ̀ ojú omi. Bí o bá dí ọ̀nà orí ilẹ̀ pa títí ayé, oúnjẹ á ṣì máa gba ojú òkun wọlé. Ní nǹkan bí 573, ọ̀rọ̀ yọrí sí àdéhùn. Tírè gbà láti sin Bábílónì, wọ́n sì kó lára àwọn ọmọ ọba rẹ̀ lọ sí Bábílónì, torí Josephus ní nígbà tó yá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n fi jọba. Àmọ́ wọn ò wó ìlú náà, ìkógun kankan ò sì dé ọwọ́ ọmọ ogun.

Ẹ wá ka 29 ẹsẹ 18 pẹ̀lú ohun tí ẹ mọ̀ báyìí. Nebukadinésárì mú kí ogun rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá sí Tírè. Gbogbo orí ló pá, gbogbo èjìká ló bó. Síbẹ̀ òun àti ogun rẹ̀ kò rí owó ọ̀yà gbà níbẹ̀. Orí tí akoto ti ha títí irun fi tán, èjìká tí apẹ̀rẹ̀ erùpẹ̀ àti igi ti bó: àwòrán alágbàṣe ni wòlíì náà yà. Ó ní Ọlọ́run yóò wá fi ilẹ̀ Íjíbítì san owó iṣẹ́ wọn.

Ìsíkíẹ́lì fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìkógun tí òun sọ nípa Tírè kò wọlé. Kò pa orí 26 rẹ́, kò yí i padà, kò sì sọ pé ohun mìíràn lòun ní lọ́kàn. Ó fi èkejì sílẹ̀ sínú ìwé kan náà, ó sì fi ọjọ́ sí i. Mo ka èyí sí ẹ̀rí ńlá lórí irú ẹni tí wòlíì náà jẹ́, ó sì ń dùn mí nígbà tí àwọn oníwàásù bá sáré gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá Aleksáńdà. Òótọ́ ni pé Aleksáńdà Ńlá la ọ̀nà sínú òkun ní 332, tó sì gba Tírè lẹ́yìn oṣù méje. Ṣùgbọ́n Nebukadinésárì ni 26 ẹsẹ 7 dárúkọ, òun náà sì ni 29 ẹsẹ 18 ń sọ pé kò rí ọ̀yà.

Ó yá, Íjíbítì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde ní Éprílì 571. Ní 570, Hófírà rán ọmọ ogun lọ gbèjà àwọn ará Líbíà lòdì sí Kirénè, ìlú Gíríìkì tó wà létí òkun. Wọ́n nà wọ́n bí ẹní máa kú. Àwọn ọmọ ogun tó yè bọ́ ní Fáráò mọ̀ọ́mọ̀ rán àwọn lọ síbi ikú ni, wọ́n ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Amasis jọba. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, ló ròyìn èyí fún wa. Ó ní àwọn jagunjagun Karíà àti Ioníà tí Hófírà ń sanwó fún ló kù lẹ́yìn rẹ̀, àti pé Amasis ṣẹ́gun. Íjíbítì ti pín sí méjì láàárín ọdún kan sí ìgbà tí Ìsíkíẹ́lì sọ̀rọ̀. Ọba tó bá ń wá àyè láti wọlé, àyè rèé.

Ẹ̀rí pé ó wọlé wá láti ìhà méjì. Ti Bábílónì jẹ́ ẹ̀ya wàláà amọ̀ kékeré kan, nọ́ńbà rẹ̀ ní British Museum ni BM 33041. Ó dárúkọ Nebukadinésárì, ó dárúkọ ọdún kẹtàdínlógójì rẹ̀, ó sì ní ó lọ sí Íjíbítì láti jagun. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọdún Nebukadinésárì padà, ẹ mú 605 kí ẹ yọ iye ọdún rẹ̀: 605 yọ 37 jẹ́ 568, ìyẹn láti ìgbà ìrúwé 568 dé 567. Orúkọ ọba Íjíbítì ti ya kúrò, àmọ́ ìparí rẹ̀ tó ṣẹ́ kù bá Amasis mu. Ibi tí ì bá ti sọ bí ogun náà ṣe parí ti fọ́ lọ. Kì í sì í ṣe ara ìwé ìtàn ọdọọdún tí mo dárúkọ níṣàájú. Ìyẹn já ní ọdún kọkànlá Nebukadinésárì, 594 sí 593, èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ wa sì jẹ́ ti ọba mìíràn, ní ọdún 557. Àlàfo ńlá yìí ló fà á tí ẹ̀rí ogun 568 fi kéré. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi í pa mọ́.

Ti Íjíbítì jẹ́ òkúta ìrántí tí Amasis gbẹ́, èyí tí a mọ̀ mọ́ Elephantine, erékùṣù inú Náílì tó dojú kọ Aswan. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọdún kìíní àti ọdún kẹrin rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ìjà òun àti Hófírà ni. Ní ọdún kẹrin, tó bọ́ sí 567, àwọn ará Éṣíà ya wọlé, Amasis sì lé wọn. Hófírà kú nínú rògbòdìyàn náà, Amasis sì sin ín gẹ́gẹ́ bí ọba. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Hófírà ti sá lọ bá Nebukadinésárì, pé òun ni wọ́n fẹ́ fi padà sórí ìtẹ́ kó lè máa sìn wọ́n. Ó bọ́gbọ́n mu, torí bí Bábílónì ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn. Ohun tó dájú ni pé wàláà Bábílónì àti òkúta Íjíbítì, tí ìkankan ò mọ̀ nípa èkejì, bọ́ sí ọdún kan náà.

Ta ló wá borí? Òkúta Amasis ní òun ni. Ọba kankan kì í gbẹ́ ìjákulẹ̀ ara rẹ̀ sára òkúta, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Amasis wà lórí ìtẹ́ títí di 526, ọdún mẹ́rìnlélógójì gbáko. Kò sí gómìnà Bábílónì kankan ní Íjíbítì, kò sí àkọsílẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀. Bí Nebukadinésárì bá kó ìkógun ní ẹnu ibodè, ó ṣeé ṣe. Pé ó gba ilẹ̀ náà, ẹ̀rí kò sí.

Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Aṣálẹ̀ Sínáì ni odi Íjíbítì. Esahádónì ọba Ásíríà gbìyànjú ní 673, wọ́n lé e padà. Ìgbà tó tún lọ ní 671 ló gba Mémúfísì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ràkúnmí tí òun kó jọ látọ̀dọ̀ àwọn ọba Lárúbáwá ni òun fi ru omi kọjá aṣálẹ̀. Nebukadinésárì náà ti gbìyànjú ní 601. Ìwé ìtàn ọdọọdún tirẹ̀ gbà pé ìhà méjèèjì pa ara wọn púpọ̀, pé ọba padà sí Bábílónì, àti pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sílé, ó ń kó kẹ̀kẹ́ ogun àti ẹṣin jọ.

Ìwé àlàyé yín ṣeé ṣe kó fi Josephus ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. Josephus kọ ọ́ pé ní ọdún kẹtàlélógún Nebukadinésárì, ó wọ Íjíbítì, ó pa ọba tó wà níbẹ̀, ó sì fi òmíràn jẹ. Ẹ ṣe ìṣirò yín: 605 yọ 23 jẹ́ 582. Hófírà ṣì ń jọba fún ọdún méjìlá sí i lẹ́yìn ìyẹn! Ohun tó jọ òótọ́ ni pé Josephus ka Jeremáyà 43, ó gbà pé ó ti ní láti ṣẹ, ó sì so ó mọ́ ọdún kẹtàlélógún tó wà nínú Jeremáyà 52 ẹsẹ 30. Ẹlẹ́rìí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùpẹjọ́ kò lè tún máa jẹ́rìí fún un. Lórí Tírè, ó ní àkọsílẹ̀ àwọn mìíràn lọ́wọ́. Lórí Íjíbítì, kò ní.

Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣọ́ra ju àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ lọ. Ní 44 ẹsẹ 30, ó ní a ó fi Hófírà lé ọwọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀, àwọn tó ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Kò ní Nebukadinésárì ni. Herodotus ní Amasis fi í lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́, wọ́n sì fún un lọ́rùn pa. Bóyá bí Herodotus ṣe sọ ọ́ ló kú ni o, bóyá bí òkúta náà ṣe sọ ọ́ ni o, ọwọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló kú sí. Nínú gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ sí Íjíbítì, èyí ló bá ìtàn mu jù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ni a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ.

Ogójì ọdún wá ńkọ́? Ìsíkíẹ́lì 29 ẹsẹ 11 sí 13 ní ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ti ẹranko kò ní kọjá níbẹ̀, ìlú rẹ̀ yóò dahoro, a ó sì tú àwọn ará Íjíbítì ká. Ẹsẹ 10 ti ní láti Mígídólì dé Síénè, ìyẹn látòkè délẹ̀ ilẹ̀ náà. Síénè ni Aswan òde òní. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó wà ní ilé àkójọ Louvre ní Paris, ti ìdílé kan ní Tíbésì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bíbọ òkú fún àwọn ènìyàn. Bàbá àti ọmọ ni, Djekhy àti Iturech. Ìwé wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 570 dé 534: àdéhùn ilẹ̀ oko tí wọ́n yá, ìwé owó orí ìkórè tí wọ́n san. Ọdún Amasis ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ wọn. Àwọn tó ń dáko, tó ń sanwó orí ní gúúsù Íjíbítì nínú àwọn ọdún yẹn gan-an, a ò lè ní wọn kò sí níbẹ̀. Ní Elephantine, níwájú Síénè gangan, àwọn Júù tó ń ṣe ọmọ ogun níbẹ̀ kọ lẹ́tà sí gómìnà Júdà ní 407. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn ti kọ́ tẹ́ńpìlì síbẹ̀ láyé àwọn ọba Íjíbítì, àti pé nígbà tí Kámbísésì dé, ó bá a lórí ìdúró. Kámbísésì ọba Páṣíà wọ Íjíbítì ní 525.

Àwọn kan máa ń ka ogójì ọdún láti 567 dé 527, kí wọ́n lè fi Páṣíà parí rẹ̀. Nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò bá a mu: ẹsẹ 13 ní ní òpin ogójì ọdún, a ó kó àwọn ará Íjíbítì padà sílé, Kámbísésì sì wá gba ilẹ̀ ni, kò kó ẹnikẹ́ni padà.

Ní tèmi, ibi tí ogójì náà ti wá wà nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì fúnra rẹ̀. Ní 4 ẹsẹ 6, ó fi ogójì ọjọ́ dùbúlẹ̀ ní ìhà ọ̀tún fún ẹ̀ṣẹ̀ Júdà, ọjọ́ kan fún ọdún kan. Ní orí 29, ó gbé ìdájọ́ Júdà náà wọ Íjíbítì lọ́rùn láìyọ ọ̀kan: ahoro, ìtúká, ogójì, ìkójọpọ̀, ìpadàsílé. Ọ̀rẹ́ tó tan Júdà jẹ yóò jẹ nínú oúnjẹ kan náà. Ẹni tó bá fi ojú yìí kà á kò nílò kó wá ogójì ọdún òfìfo nínú ìtàn. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà Jeremáyà 18 ẹsẹ 7 sí 10, pé Ọlọ́run lè yí ohun tó sọ sí orílẹ̀-èdè padà, bó ṣe rí ní Nínéfè Jónà. Ọ̀nà tó nípìlẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìsíkíẹ́lì 29 kò sọ pé Íjíbítì ronú pìwà dà. Ẹ lè gbé méjèèjì síwájú kíláàsì. Èyí tí n kò ní gbà yín níyànjú ni kí ẹ sọ fún wọn pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìwé ìtàn ló fi pa mọ́. Ọmọ yín á lọ wò ó, á sì rí i.

Apá kan wà tí ìtàn gbè lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́: ẹsẹ 15, pé Íjíbítì kò ní jọba lórí àwọn orílẹ̀-èdè mọ́. Páṣíà gbà á ní 525. Ó gba ara rẹ̀ padà láti 404 dé 343. Lẹ́yìn Nectanebo Kejì, ọmọ Íjíbítì kankan kò tún jẹ Fáráò mọ́. Ẹ sọ ọ́, àmọ́ ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n, torí àwọn ọba Gíríìkì tó jókòó sí Aleksándíríà lẹ́yìn náà fi Íjíbítì ṣe ibùdó ìjọba ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fa orí yìí wá sórí ìròyìn Íjíbítì òde òní, ẹ ní kó ka ẹsẹ 19: orúkọ Nebukadinésárì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ kíláàsì, Sunday méjì ló máa gbà. Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìṣirò 598 yẹn lórí pátákó, kí wọ́n to àwọn déètì mẹ́fà náà, kí ẹ sì parí rẹ̀ lórí Tírè àti èjìká tó bó. Ní èkejì, ogun 568 àti ogójì ọdún. Ẹ má gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ sínú wákàtí kan, ìgbà tí àkókò bá tán lórí Tírè ni olùkọ́ máa ń sáré sọ pé "ó sì ṣẹ bẹ́ẹ̀."

Ó ku òkúta Jeremáyà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Gẹdaláyà, gómìnà tí Bábílónì fi sórí Júdà, àwọn tó ṣẹ́ kù ní Júdà sá lọ sí Íjíbítì, wọ́n sì mú Jeremáyà àti Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ dání. Ní Tápánẹ́sì, ìlú ẹnu ibodè ìlà-oòrùn, Jeremáyà 43 ẹsẹ 9 ní kó rì òkúta ńlá sínú amọ̀ lábẹ́ bíríkì tí wọ́n tẹ́ síwájú ilé Fáráò, pé lórí wọn ni Nebukadinésárì yóò tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Ní ọdún 1886 lẹ́yìn ìbí Kristi, Flinders Petrie, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wa ilẹ̀ Tell Defenneh, tí a gbà pé òun ni Tápánẹ́sì. Ó rí odi ológun ńlá kan, ó sì rí pèpéle bíríkì fífẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará agbègbè náà ń pe òkìtì ibẹ̀ ní Ààfin Ọmọbìnrin Júù. Petrie kọ ọ́ pé pèpéle náà bá ibi tí Jeremáyà ṣàpèjúwe mu, ó sì bá a mu lóòótọ́: irú ibi tí ọba tó ń rìnrìn àjò ogun lè pàgọ́ sí, tó sì gba ojú ọ̀nà tí ogun ń gbà wọ Íjíbítì. Àmọ́ kò sí òkúta kankan níbẹ̀ tí a lè fi ẹ̀rí tì pé ọwọ́ Jeremáyà ló rì í, kò sì sí àmì pé Nebukadinésárì jókòó síbẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé pèpéle ni wọ́n hú.